Pèpéle Abẹ́ Àpótí Gíláàsì

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá mi ní kí n fún òun, mo fún un ní mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé kí ló fọ́ àpótí ẹja ilé ìwé wa, ìdáhùn mi kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí gan-an, tí gbogbo ojú wà lára mi, n kò dá wọn lóhùn.

Ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira ni. Ilé ìwé girama kékeré kan wà lẹ́yìn Adó, lọ́nà Ìjàn, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Kí n tó débẹ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà ní Ìgbẹ́mọ, tí mò ń kọ́ ọgọ́ta ọmọ ní a-b-d láràárọ̀ títí ọ̀fun mi yóò fi gbẹ. N kò ní ohun búburú kan láti sọ nípa Ìgbẹ́mọ, iyán wọn dára, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọdún mẹ́ta dá kàwé, mo ti yege, mo ti rán ṣòkòtò funfun méjì, mo sì ti búra nínú ara mi pé n kò ní padà sí a-b-d mọ́ láyé. Ìgbéraga wà nínú rẹ̀, n kò purọ́.

Fún ìdánwò ni wọ́n dá kíláàsì sáyẹ́ǹsì náà sílẹ̀. Wọ́n ní alábẹ̀wò kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Bí ó bá bá yàrá sáyẹ́ǹsì gidi níbẹ̀, tí ohun abẹ̀mí wà nínú rẹ̀, tí olùkọ́ sì mọ bí a ti ń tọ́jú wọn, kíláàsì náà dúró nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò tú u ká, èmi náà yóò sì gba ọ̀nà Ìgbẹ́mọ lọ. Ọ̀gá ilé ìwé wa sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ará Abẹ́òkúta ni, kò tíì pé ọdún kan ní Adó, ó mọ́ tónítóní, ó le, kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú ju àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan ṣoṣo tí a ní láti fi han alábẹ̀wò ni àpótí gíláàsì náà. Òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílé ló fi ta wá lọ́rẹ. Orí lọ́rì ló gbé dé, wọ́n fi koríko gbígbẹ wé e yí ká. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, gíga rẹ̀ méjì, irin ni wọ́n fi ṣe férémù rẹ̀, gíláàsì sì ni ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́tà kan wà nínú rẹ̀ tí mo kà títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Òyìnbó náà ní kì í ṣe ìwúwo omi ló ń fọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ìjókòó burúkú. Ó ní ohun tí a bá gbé e lé gbọ́dọ̀ tẹ́jú délẹ̀délẹ̀, kí àyè má ṣófo níbì kankan lábẹ́ rẹ̀, kí igun kan má sì rẹlẹ̀ ju òmíràn lọ, nítorí bí férémù bá lọ́ díẹ̀ báyìí, gíláàsì ni yóò san án.

N kò lè gbé e sílẹ̀ yàrá náà, ilẹ̀ ibẹ̀ dagun, àgbàrá sì máa ń wọlé nígbà òjò. Mo dán tábìlì káfíńtà wò. Mo to garawa omi mẹ́wàá lé e lórí, àárín rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú lójú mi. Omi inú àpótí náà yóò sì tó garawa mẹ́rìnlélógún. Nígbà náà ni mo rántí ìyá mi.

Iṣẹ́ amọ̀ ni ìyá mi ń ṣe. Bí wọ́n bá mọ ilé tán ní àdúgbò wa, òun ni wọ́n ń pè láti rẹ́ ògiri, láti tẹ́ ilẹ̀, àti láti mọ pèpéle tí wọn yóò máa sùn lé tàbí tí wọn yóò gbé àmù kà. Èèyàn lè da omi sórí pèpéle tó bá mọ, kí omi náà má mọ ibi tí yóò ṣàn sí. Òun náà gan-an máa ń da omi sí i, tí yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò fi ojú kan wò ó. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi lọ sí ilé ìwé. Mo sì jẹ́ ẹni tí ojú ń tì díẹ̀ nítorí amọ̀ tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá pé mo ti rí ẹni tí yóò mọ pèpéle, ó bi mí pé ta ni. Mo ní obìnrin kan ni ní àdúgbò wa. Ó ní kó wá, ó sì ṣèlérí pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, òun ni àwọn yóò gbé ilé tuntun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún láti rẹ́, yàrá méjìlá gbáko. Mo sọ ìyẹn fún ìyá mi, inú rẹ̀ dùn gan-an. N kò sọ fún un pé obìnrin kan ní àdúgbò wa ni mo pè é.

Ó wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́tà ti dé ní ọjọ́ tó ṣáájú pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi tẹ amọ̀, ó pò ó mọ́ koríko gígé, ó mọ ipele àkọ́kọ́. Ó ní ipele mẹ́rin ni, kí a jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ fún ọjọ́ méjì kí èkejì tó gùn ún, lẹ́yìn náà kí a fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, àti eérú rẹ́ ojú rẹ̀, kó tún gba ọjọ́ kan. Inú oṣù òjò sì ni wá. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìka, mo rí i pé alábẹ̀wò yóò ti dé, yóò ti lọ, pèpéle yóò ṣì máa gbẹ. Mo ní kí ó mọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ọjọ́ méjì, èmi yóò fi iná èédú gbẹ ẹ́.

Ó dáwọ́ dúró, ó wò mí. "Uná á gbẹ ara rẹ̀, kò níí gbẹ inú rẹ̀," ló wí.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ̀rọ̀ nípa ooru, bí ó ṣe ń wọnú nǹkan, bí omi ṣe ń di oru tó sì ń jáde. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ, inú ìwé ni mo ti rí i. Ó gbọ́ mi tán, ó bu amọ̀ mìíràn sọ́wọ́. "Ùwọ lo mọ ùwé," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ipele kejì lórí èyí tó tutù.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ń kó èédú pípọ́n yí pèpéle náà ká. Ó gbẹ, ó funfun, ó le. Mo fi ìka kan án, ó dún. Ìyá mi náà kàn án, ó sì lọ fọ amọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ sí Ìjàn, níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti rẹ́ ilé kan, èmi àti àwọn lébìrà mẹ́ta sì gbé àpótí gíláàsì lé orí pèpéle. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ru omi odò wá. Mo da iyanrìn fífọ̀ sínú rẹ̀, mo gbin ewéko odò, mo kó ẹja wọ̀ ọ́: àrọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sínú ìkòkò omi ránṣẹ́ láti Ìgbẹ́mọ, àti àwọn ẹpìyà wẹ́wẹ́ bíi mẹ́wàá. Ọ̀gá wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Orí mi wú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, mo lọ wo ẹja mi. Mo rí i pé ojú omi kò bá férémù dọ́gba mọ́. Ní apá fèrèsé, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ní apá ògiri, ó fi ìbú ìka méjì dín. Igun kan ti rì. Láti ìdí igun náà ni ìlà kan ti gòkè nínú gíláàsì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ó gùn tó ìka mi.

Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbàdúrà, kì í ṣe àdúrà gidi, orúkọ Olúwa ni mo kàn ń pè ṣáá. Nígbà tí mo lè ronú, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé igun tó bá rì, ẹ gbé e sókè. Mo wá igi pẹlẹbẹ kan, mo fi òkúta gbá a wọ abẹ́ férémù. Igun náà gbéra díẹ̀. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, ìlà náà sì fò sókè, ó di ìwọ̀n apá mi kan láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó sórí pèpéle. Èmi tí mo mọ lẹ́tà òyìnbó sórí, ibì kan péré ni mo fi gbé gíláàsì náà dúró, gbogbo ibi yòókù sì ṣófo.

N kò sọ fún ọ̀gá. Mo lè rìn lọ sí ilé rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fi rọ́bà kan sẹ́nu, mo fa omi inú àpótí náà jáde gba ojú fèrèsé títí ó fi kù díẹ̀, mo kó ẹja sínú agbada, mo gun kẹ̀kẹ́, mo sì forí lé Ìjàn. Gbogbo ilé ìwé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ tí kò bá sí nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú yóò rojọ́ ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tèmi ti bàjẹ́ ná. Ọ̀nà náà kún fún ẹrẹ̀, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́, ọkùnrin bíi tèmi, mo sì ń bínú sí ìyá mi pé kí ló dé tí kò fi kọ̀ fún mi pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe burú tó lọ́jọ́ yẹn.

Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Ìjàn, nínú ìró àti bùbá tó dára jù lọ tó ní. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jókòó sórí kẹ́ríà kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi, ó di àmùrè mi mú, a sì padà sí Adó.

Nígbà tí àwọn lébìrà gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀, ìyá mi fi ọ̀bẹ gé igun pèpéle tó rì. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta láti òde ló le. Lẹ́yìn ìyẹn, amọ̀ inú rẹ̀ ń yọ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó fi hàn mí. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ó fi amọ̀ líle àti àfọ́kù ìkòkò dí igun náà. Ó ní kí káfíńtà kan pákó yí orí pèpéle ká, kó yọ sókè bí etí àwo. Ó jọ̀ iyanrìn gbígbẹ, ó dà á sáàárín pákó náà, ó fi igi gígùn kan fà á títí ó fi tẹ́. Ó ní iyanrìn kì í bá ohun tó wà lórí rẹ̀ jà, ibi tí ó bá wúwo sí, yóò sún, yóò sì dí i. Mo lọ kó búláńkẹ́ẹ̀tì orí ibùsùn mi wá, a ṣẹ́ ẹ po, a tẹ́ ẹ lé iyanrìn. Èyí gan-an ni òyìnbó kọ sínú lẹ́tà, ìyá mi tí kò kàwé ló sì ń ṣe é. A fi ọ̀dà lẹ ojú ìlà náà. A gbé àpótí náà padà, a yí ẹ̀gbẹ́ tó sán sí ògiri, a sì bu omi sí i dé ìdajì. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀ yí ká. Kò kán mọ́.

Ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ kan péré kí ilẹ̀ tó ṣú: "Má dà á kún. Mo mú un jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n egbò ti wà lára rẹ̀." Ilé jìnnà, ó sì sùn sí yàrá ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn lébìrà. Mo ní èmi yóò fi kẹ̀kẹ́ gbé e padà sí Ìjàn ní kété tí alábẹ̀wò bá lọ.

Ọ̀gá wọlé ní aago mẹ́jọ, ó wo àpótí tó pín sí méjì, omi nísàlẹ̀, òfìfo lókè. Ó bi mí pé kí nìyẹn. Ó ní alábẹ̀wò yóò rò pé ó ń jò ni. Mo la ẹnu. Ohun tó yẹ kí n sọ wà lórí ahọ́n mi: ó sán, ọ̀gá, èmi ni mo kánjú, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bóyá ì bá bínú. Bóyá alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ ì bá gbà pé ìdajì omi tó fún ẹja. Ìgbẹ́mọ ni mo rí lójú mi, ọgọ́ta ọmọ, a-b-d. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo sì ní kí wọ́n máa bu omi wá.

Alábẹ̀wò dé, ọkùnrin sísanra kan tó wọ ìgò ojú, ó sì yọ̀ mọ́ ẹja náà bí ọmọdé. Ó bi mí pé báwo la ṣe gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ńlá ṣàlàyé iyanrìn àti búláńkẹ́ẹ̀tì fún un, bí ẹni pé èmi ni mo ronú kàn án. Ó ń mi orí. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí i tí omi kan sá sílẹ̀ lára ògiri lẹ́yìn àpótí náà, n kò sì dákẹ́, mo túbọ̀ ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ló lọ. Kò dún tó bí mo ti rò. Omi náà ya jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbá pákó, iyanrìn àti búláńkẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì jẹ igun tí a tún ṣe kúrò, amọ̀ tútù inú pèpéle sì ṣí síta, ó ń ṣàn lọ sídìí bàtà ọ̀gá. Àwọn àrọ̀ ń yí gbirigbiri nínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọgbẹ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan amọ̀ náà, ó gbé e sókè, ó wò ó. Ó yíjú sí mi, ó sì bi mí pé ta ló gbé ẹrù ilé ìwé ka orí amọ̀ tí kò gbẹ.

N kò dáhùn. Mo mọ bí àkókò náà ti gùn tó, nítorí mo ṣì ń gbé inú rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ìyá mi ló dáhùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, tó ń dúró dè mí, ó sì ti wọlé nígbà tó gbọ́ ìró omi. Amọ̀ àná ti gbẹ mọ́ ìró ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi náà.

"Èmi ni, ọ̀gá," ló wí. "Tíṣà ní kí n jẹ́ kó gbẹ, èmi ni mo kánjú, n kò gbọ́." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí èmi tó bí. "Ẹ má bínú, tíṣà."

Alábẹ̀wò fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n má mú un sọ́kàn, òun ti rí i pé mo mọ iṣẹ́ mi, aláìmọ̀wé kan ló bà á jẹ́ fún mi. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí kíláàsì náà máa bá a lọ. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá pe olórí àwọn lébìrà, ó ní obìnrin yìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri kankan nínú ọgbà yìí mọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò rẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Olórí lébìrà, ọmọ Adó tó mọ̀ wá dáadáa, wo ìyá mi, ó wò mí, ó dúró dè mí. Nígbà tí n kò sọ nǹkan kan, ó ní ó dára, sà.

Bí a ti fẹ́ máa jáde, ọ̀gá dáwọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá mo mọ obìnrin náà dáadáa kí n tó mú un wá.

"Díẹ̀, sà," ni mo wí.

Ìyá mi ń ṣa àfọ́kù gíláàsì sínú garawa lẹ́yìn wa. Kò gbé orí sókè, ó ń ṣà á lọ.